Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Wa Ní Ojú Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wọ́n tún ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe méjèèjì yìí ni mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara o. Ẹ̀ṣọ́ ìwé ọdọọdún tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ni, àti ti ìkànnì tí ẹgbẹ́ wa ní lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa wí lọ́kàn ara wọn pé, "Èwo ni ti ẹ̀ṣọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀? Ṣebí ohun tí a kọ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bí a ṣe tò ó." Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí ti yí mi lérò padà, mo sì bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ fi sùúrù gbọ́ tẹnu mi.

Olùkọ́ wa kan ló pè mí lọ́jọ́ kan, tí ó na fọ́tòkọ́pì ojú-ìwé mẹ́ta sí mi. Àròkọ lórí ẹkún ìyàwó ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ ọ́ sínú ìwé ọdọọdún wa yìí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹni náà ti lọ bá àwọn ìyá àgbà ní abúlé, ó ti gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì ti tú ohun tí wọ́n sọ palẹ̀ lọ́nà tí ó wu olùkọ́ wa púpọ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ọdún wo ni èyí jáde? Ta ló kọ ọ́?" Mo wo òkè ojú-ìwé, n kò rí orúkọ ìwé. Mo wo ìsàlẹ̀, n kò rí ọdún, n kò rí nọ́ńbà. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí, ojú-ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni kò sì sí nínú fọ́tòkọ́pì náà.

Mo lọ sí yàrá ẹgbẹ́, mo kó àwọn ìwé àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ jáde, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó rò pé ìwé ẹgbẹ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ orúkọ ìwé kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn wọn: òmíràn ní àmì ohùn, òmíràn kò ní, òmíràn ní àmì lórí ọ̀rọ̀ kan, kò ní lórí èkejì. Nínú ọ̀kan, nọ́ńbà ojú-ìwé wà lókè. Nínú òmíràn ó wà nísàlẹ̀. Nínú òmíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí rárá. Àròkọ ẹkún ìyàwó kò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo bá yíjú sí ìkànnì wa. Ojú-ìwé kan níbẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Èyí tí ó tẹ̀ lé e dúdú kirikiri, tòun ti lẹ́tà pupa rúsúrúsú. Ọ̀kan ní ọ̀nà tí a lè gbà padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, òmíràn kò ní, ó sì dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ yàrá tí a gbàgbé láti ṣe ilẹ̀kùn sí. Níbi tí ó yẹ kí n ti ka "Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ", àpótí kéékèèké òfìfo ni mo bá. N kò rí àròkọ náà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, olùkọ́ wa yọ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́, nítorí pé wọn kò lè sọ ibi tí ó ti wá. Bí làálàá ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe di ohun tí kò ní olówó nìyẹn.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? N kò dá ìgbìmọ̀ olóòtú kankan lẹ́bi. Gbogbo wọn ló fi orun wọn dù wá. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọdọọdún ni a ń yan ìgbìmọ̀ tuntun, ọdọọdún sì ni ìgbìmọ̀ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Nítorí náà, ohun tí mo ń dá lábàá ni pé kí ẹgbẹ́ wa ṣe àdàkọ ojú-ìwé, ọ̀kan fún ìwé títẹ̀, ọ̀kan fún ìkànnì, kí méjèèjì sì jọ ara wọn bí ìbejì. Kí ó sì di òfin pé ìgbìmọ̀ yòówù tí ó bá dé, òun ni yóò lò.

KÍ NI ÀDÀKỌ?

Àdàkọ ojú-ìwé ni àwòṣe tí a ti ṣètò sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ó ti sọ ibi tí àkọlé yóò wà àti bí yóò ṣe tóbi tó, ibi tí orúkọ òǹkọ̀wé yóò wà, irú lẹ́tà tí a ó lò, àyè tí a ó fi sílẹ̀ létí ìwé, àti ibi tí àlàyé abẹ́ àwòrán yóò jókòó sí. Òǹkọ̀wé kò ní í ṣe ju pé kí ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní í pẹ́ kí ó tó lóye rẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn ìyá wa a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró; ibi tí ẹ̀kọ bá ti wà, aró kò ní í mú un. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún dá ọgbọ́n mìíràn. Àwọn ọkùnrin a gé páànù pẹlẹbẹ ní ìgé ọ̀ṣọ́, wọn a tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀ kí ó lè gba ojú ihò wọlé sára aṣọ. Páànù kan náà ni wọn yóò lò fún aṣọ púpọ̀, ọ̀ṣọ́ yóò sì bára mu láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹyìn. Páànù yẹn ni àdàkọ.

Lórí ayélujára, ohun tí ó dúró fún páànù yìí ni ètò tí wọ́n ń pè ní CSS. Håkon Wium Lie, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló dá àbá rẹ̀ ní oṣù October 1994, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, níbi kan náà tí Tim Berners-Lee ti dá World Wide Web sílẹ̀. Ní oṣù December 1996, W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí i. Ohun tí CSS sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, kí aṣọ ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ìkànnì bá ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ojú-ìwé, fáìlì aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò máa wò. Bí a bá fẹ́ kí àkọlé tóbi sí i, ibi kan ni a ó ti yí i padà, gbogbo ojú-ìwé yóò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá rán aṣọ mọ́ ara ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìgbà ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe yóò fi abẹ́rẹ́ tú aṣọ. Bí ìkànnì wa ṣe wà lónìí gan-an nìyẹn.

Àwọn tí ń kọ Wikipedia ní èdè Yorùbá pàápàá mọ èyí. Wọ́n ní àwọn àpótí àlàyé tí wọ́n ṣe sílẹ̀, tí wọ́n ń fà wọ inú ojú-ìwé, kí àlàyé lórí ìlú kan lè jọ ti ìlú kejì. Àdàkọ gan-an ni orúkọ tí wọ́n fún un, lọ́dọ̀ wọn ni mo sì ti yá ọ̀rọ̀ náà.

KÌ Í ṢE ỌGBỌ́N ÒNÍ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ̀ǹpútà ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì rẹ̀ ní ìlú Mainz ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, ó pín ojú-ìwé sí ọ̀nà méjì lóòró, ó sì fi ìlà 42 sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, débi pé Bíbélì Onílà 42 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é títí di òní.

Ẹ tún wo ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Penguin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Allen Lane bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé olówó pọ́ọ́kú ní 1935, ọ̀já mẹ́ta ló fi dá ẹ̀yìn ìwé ní ìbú: àwọ̀ lókè, funfun láàrin, àwọ̀ nísàlẹ̀. Àwọ̀ ọsàn jẹ́ ti ìtàn àròsọ, àwọ̀ ewé jẹ́ ti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọ̀ ojú ọ̀run jẹ́ ti ìtàn ìgbésí ayé. Ẹni tí ó dúró sí òdìkejì yàrá yóò ti mọ irú ìwé tí ó fẹ́ mú. Ní 1947, wọ́n gba Jan Tschichold, gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ìtòwé, kí ó wá tún inú àwọn ìwé náà ṣe, nítorí pé olúkúlùkù òǹtẹ̀wé ló ń to lẹ́tà bí ó ti wù ú. Ó kọ òfin ìtòwé ṣókí fún wọn: àyè tí yóò wà láàrin ọ̀rọ̀, bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, ibi tí nọ́ńbà yóò wà. Ní 1949 ó padà sílé, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò bá a lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ọdún méjì péré ló lò, ìtò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kan péré ni ìgbìmọ̀ olóòtú wa ń lò. Kí ni tiwọn tí ń wà lẹ́yìn wọn?

Ẹ má sì jẹ́ kí a jìnnà sílé jù. Ní December 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. "Ìwé Ìròhìn" ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. "Ìròyìn" ni àwa ń kọ lónìí. Láàrin ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí, àwọn àgbà èdè ti jókòó ní ọ̀pọ̀ ìgbà lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀: wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Kí ni àkọtọ́ bí kì í bá ṣe àdàkọ? Kí ó tó dé, ẹnìkan a kọ "aiye", ẹnìkan a kọ "ayé". Ẹnìkan a kọ "enia", ẹnìkan a kọ "ènìyàn". Nígbà tí ó dé, gbogbo wa ní ọ̀nà kan tí a lè tọ̀. Ẹ ka ìwé ìtàn àròsọ mẹ́wàá tí ó jáde láti ìgbà náà, kí ẹ sọ fún mi bí àkọtọ́ bá ti mú kí ohùn òǹkọ̀wé kan dàpọ̀ mọ́ ti èkejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ka wa ṣe ń fi ọwọ́ líle mú àkọtọ́ lórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a fi mú u lórí ojú-ìwé.

TIWA TÚN LE JU TI ẸLÒMÍRÀN LỌ

Bí ó bá ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ, bóyá à bá lè fi ojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n èdè olóhùn ni tiwa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí mo tẹ́ sórí tábìlì, àmì òkè ti bọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ohun tí òǹkọ̀wé pè ní ọkọ́ àgbẹ̀ sì di ọkọ àgbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní í rẹ́rìn-ín.

Kí ló ń fà á? Unicode ni ètò tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ńṣe ni a ń kó o jọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni a sì lè gbà kó o jọ. A lè mú ẹ kí a fi àmì òkè lé e. A lè mú é kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. A lè mú e lásán kí a kọ́kọ́ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí a tó fi ti òkè. A sì lè fi ti òkè ṣáájú. Ojú ènìyàn yóò rí lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a kò bá kọ́ yóò kà wọ́n sí mẹ́rin. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń lo ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí mo bá wá "ẹkún" lórí ìkànnì wa, tí òǹkọ̀wé sì gba ọ̀nà mìíràn tẹ ẹ́, n kò ní í rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀! Bóyá ibẹ̀ gan-an ni àròkọ tí olùkọ́ wa ń wá sùn sí.

Oògùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Unicode fúnra rẹ̀ ti ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní NFC, tí í kó ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn padà sí ọ̀kan. A lè fi í sínú àdàkọ ìkànnì, kí ó máa tún gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé ṣe láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé mọ̀. Àdàkọ ni yóò yan irú lẹ́tà tí ó gba gbogbo àmì Yorùbá láìfi àpótí òfìfo dí i. Gentium àti Charis tí SIL ṣe wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì mọ bí a ti í gbé àmì lé orí lẹ́tà láìjẹ́ kí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àdàkọ ni yóò fi àyè tí ó tó sílẹ̀ láàrin ìlà kan sí èkejì, nítorí pé lẹ́tà wa ń wọ fìlà, ó sì ń wọ bàtà. Bí ìlà bá há jù, fìlà ẹni ìsàlẹ̀ yóò máa kan bàtà ẹni òkè.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ojú ń dùn pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ló ń ka ìkànnì sí wọn létí. Ìlànà WCAG 2.0 tí W3C gbé jáde ní December 2008 sọ pé kí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ èdè tí a fi kọ ọ́, kí àwọn ọ̀nà àbáwọlé tí ó wà ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sì máa tẹ̀ léra bákan náà nínú gbogbo ìkànnì. Ẹni tí kò ríran ti há ọ̀nà ilé sórí. Bí a bá ń gbé ilẹ̀kùn kiri lójoojúmọ́, ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́. Ẹ lọ wo ìkànnì BBC Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní February 2018. Ìtò rẹ̀ bá ti Igbo àti ti Hausa mu; ẹni tí ó bá mọ̀nà inú ọ̀kan ti mọ̀nà inú ìyókù. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ka ti Yorùbá kí ó pè é ní Hausa.

WỌ́N NÍ ÀDÀKỌ YÓÒ PA ỌGBỌ́N INÚ

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ta kò mí, mo sì fẹ́ dáhùn wọn.

Wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àti pé àdàkọ yóò pa ọgbọ́n inú. Mo bi wọ́n pé kí ni a ń kọ́ nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí Ifá ní 1976 pé ẹsẹ Ifá lè ní apá mẹ́jọ tí í tẹ̀ léra: orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí a dífá fún, ohun tí ó mú un wá, ohun tí a ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí inú onítọ̀hún ṣe rí, àti ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Àìmọye ẹsẹ ni a ti kó sínú agbada kan yìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan tí ó jọ èkejì ní adùn. Ètò yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí awo ṣìnà. Ìgbà tí òǹkọ̀wé kò bá ní láti ronú lórí ibi tí nọ́ńbà yóò wà ni yóò ráyè ronú lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Èyí ní òtítọ́ nínú, n kò sì fẹ́ kí a gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni mo fi sọ pé kí àdàkọ fi àyè òmìnira sílẹ̀: kí àwòrán ẹ̀yìn ìwé àti àwọ̀ ọdún jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kí ojú-ìwé ewì sì máa gba àwòrán bí ó bá ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àmì tí ó dára jù tí ìgbìmọ̀ kan lè fi sílẹ̀ ni kí iṣẹ́ ọdún rẹ̀ ṣeé rí ní ogún ọdún òní. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; àwọn ìwé àtijọ́ wa ni àkísà tí a fi ń jẹ́ àgbà ẹgbẹ́. Bí a kò bá mọ èyí tí ó jẹ́ tiwa nínú wọn mọ́, kí ló kù tí a fi ń ṣe fáàrí?

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àdàkọ burúkú burú ju àìní àdàkọ lọ. Lórí èyí, mo gbà fún wọn. Bí a bá mú àdàkọ tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì tí a sì fi tipátipá ki Yorùbá bọ inú rẹ̀, àmì ohùn yóò sùn síta. Bí a bá ṣe é fún kọ̀ǹpútà ńlá nìkan, ẹni tí ń fi fóònù kékeré kà á, ìyẹn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, yóò máa fi ìka fa ojú-ìwé sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń fa okùn kànga. Bí àdàkọ àròkọ bá sì gbé ewì, tí ó wá so ìlà ewì pọ̀ mọ́ra wọn, ó ti ba ewì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fi Yorùbá gan-an dán an wò kí a tó fọwọ́ sí i.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹni tí ó bá ní kí a tún ilé ṣe, ó yẹ kí ó lè fi ọwọ́ tọ́ ibi tí ó ń jò. Àbá mi rèé.

Èkínní, kí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé títẹ̀ máa ru orúkọ ìwé, ọdún, orúkọ òǹkọ̀wé àti nọ́ńbà. Bí ojú-ìwé kan bá já bọ́ lára ìyókù, kí ó lè júwe ilé baba rẹ̀. Kí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì náà ní orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àti ọ̀nà tí a ó gbà padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, ní ibi kan náà nígbà gbogbo.

Èkejì, kí a yan irú lẹ́tà kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún àkọlé, kí ó tán síbẹ̀. Kí àkọlé má ju ìwọ̀n mẹ́ta lọ: ti àròkọ, ti ìpín àròkọ, àti ti abẹ́ ìpín.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣe àdàkọ mẹ́rin fún irú iṣẹ́ mẹ́rin tí a ń gbà: àròkọ, ewì, ìtàn àròsọ, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí ti ewì mọ bí a ti ń pa ìlà mọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ìwé ìlànà pẹlẹbẹ kan tí kò ní ju ojú-ìwé mẹ́rin lọ, tí yóò sọ bí a ti ń lo àdàkọ. Kí ẹ̀dà kan wà ní yàrá ẹgbẹ́, kí ọ̀kan wà ní ibi ìkàwé ẹ̀ka wa, kí ọ̀kan sì wà lórí ìkànnì. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ àtijọ́ bá ń gbé iṣẹ́ fún tuntun, kí wọ́n fà á lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn fáìlì àdàkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ìkànnì.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó má sí ẹni tí yóò dá yí àdàkọ padà. Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ nìkan ni kí ó ní àṣẹ yẹn, kí a sì fi ọdún márùn-ún sí àárín ìyípadà kan sí òmíràn. Àdàkọ tí a kò lè yí padà yóò di ìgbèkùn. Èyí tí a ń yí padà lójoojúmọ́ kì í ṣe àdàkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ̀yin lẹ ń wà níhìn-ín nígbà tí àwa bá ti gba ìwé ẹ̀rí wa lọ. Ẹ̀yin olóòtú ọdún tí ń bọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti ń ro irú ẹ̀ṣọ́ tuntun tí ẹ fẹ́ kó wá. Ẹ kó o wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ òpó ilé kí a tó kun ún lọ́dà. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ó kọ àròkọ lórí ẹkún ìyàwó nínú ìwé wa yìí, tí ọ̀rọ̀ mi bá kàn yín lọ́wọ́ níbikíbi tí ẹ wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn sí ẹ̀ka wa. Iṣẹ́ yín dára. Àwa ni a kò tò ó dáadáa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ọdún mìíràn, kí ìwé wa sì ní ojú kan tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Àṣẹ.